Ọmọ Aláìlóbìí àti Ìbò Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn olùdìbò Yorùbá ní Ekenwan Road, Ìlú Benin



Àwọn tó ń du ipò yóò bá wa sọ̀rọ̀ títì, gọ́tà àti iná mànàmáná. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí kò lè dìbò, tí kò sì ní òbí tí yóò dìbò nítorí wọn: àwọn ọmọ tí HIV àti ìṣẹ́ sọ di aláìlóbìí.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ ẹnu wa ṣe. Kògbóògùn ni a ń pe àrùn yìí. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú ní ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, kò fi pamọ́. Ó kéde pé Éèdì ni. Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Oògùn náà kì í pa kòkòrò náà tán, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹni tó ń lò ó déédéé lè pẹ́ láyé kí ó tọ́ ọmọ rẹ̀. Aláboyún tó ń lò ó lè bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìyá lọ ṣe àyẹ̀wò.

Èkejì ni ilé wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka fífi ọmọdé kiri ọjà lójú pópó léèwọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń gba ọmọ olóògbé láti ilé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́ ọ. Ọmọ tiwọn ń lọ sílé ìwé, ọmọ olóògbé ń kiri omi. Ìyẹn kì í ṣe ìgbàtọ́, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀kẹta ni ìbò. Òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ta ni yóò wá ra aṣọ àti ìwé fún ẹni tí kò ní òbí? Ẹ bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ wa: ta ni yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yìí? Èló ni wọn yóò yà sọ́tọ̀ fún wọn? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. Ẹ má sì béèrè bóyá Yorùbá ni ọmọ náà tàbí Ẹ̀dó. Ebi kò mọ èdè.

Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ. Bí ojú mẹ́rin bá ti pàdé, igba ojú kò gbọdọ̀ yẹra.