Òru Ni Wọ́n Fi Ṣọ́ Wa: Ọ̀rọ̀ Alukoro Ẹgbẹ́ Níbi Àjọ̀dún Ọdún Kẹwàá



Nígbà tí a ń múra ọjọ́ òní, a lọ kí bàbá ọ̀kan nínú wa, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, nílé wọn ní Òkìtìpupa. A rò pé ìtàn olè la máa gbọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní olè kò pọ̀ tó ẹ̀fọn. Àwọn tó ń wá sí tésàn lóru ni aboyún tó ń rọbí, tàbí awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sọ́nà Ọ̀rẹ̀. GSM kò tíì dé. Ó di 2001. Ẹsẹ̀ ni oníwàhálà fi ń wá, nítorí náà wọn kì í ti ilẹ̀kùn. Títí dòní, bí aago méjì òru bá ti lù, ojú Bàbá á là. Màmá ní àwọn ò bá wọn jà mọ́.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004 kó ọlọ́pàá mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní 2011 wọ́n yọ sójà kúrò, wọ́n fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Bàbá fi alẹ́ẹ̀tì oṣooṣù wọn hàn wá. Iṣẹ́ báńkì là ń ṣe o, síbẹ̀ ojú tì wá. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá wà nírú ipò yìí, kó mú ìwé rẹ̀ wá, a ó bá a tọpa rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá wà níbí lónìí. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa wo ẹnu ọ̀nà. Alága, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ síwájú.