Àkọni Ń Bẹ Láàárín Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará ìlú sọ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tí yóò bá la ẹnu sọ̀rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, orírun gbogbo ọmọ Oòduà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júbà àwọn tí ó ni ilẹ̀. Mo júbà, kí ìbà mi ṣẹ. Lẹ́yìn èyí, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí a pe ènìyàn ní àkọni, ta ni ó ń wá sí yín lọ́kàn?

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò dárúkọ ọba, tàbí ológun, tàbí olóṣèlú tí àwòrán rẹ̀ kún ara ògiri. Àwọn mìíràn yóò dárúkọ olówó tí ó ń ná owó lójú agbo. N kò wá bu ọlá ẹnikẹ́ni kù lónìí. Ohun tí mo wá sọ ni pé, bí ó bá jẹ́ òkè nìkan ni a ń wò kí a tó rí àkọni, a ó máa tẹ àkọni mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò gbọ́ nípa Mọremí. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn ará Ìgbò ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ara wọn wọ ìlú yìí, tí àwọn ènìyàn sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, obìnrin yìí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, kí òun lè mọ àṣírí wọn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sá padà wálé, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti fi ògùṣọ̀ pàdé àwọn ọ̀tá. Ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn gba Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún Ẹdì ni a fi ń rántí rẹ̀. Ní ìgbà Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 2015, a gbé ère rẹ̀ tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42 dìde ní ìlú yìí.

Ayaba ni Mọremí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adé ni ó fi ṣẹ́gun. Gẹ́gẹ́ bí ẹrú ni ó wọ ìlú àwọn ọ̀tá. Ojú tí ó fi wò, etí tí ó fi gbọ́, àti ìfaradà tí ó fi dúró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun tí Ẹlẹ́dàá fún olúkúlùkù wa.

Ẹ má sì ṣe rò pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni mo wá pa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà wá ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbaléńdé, nítorí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìdaṣẹ́sílẹ̀ nígbà náà. Ó ní ibà lásán ni ó ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í léèrè, ó sì fura pé Ebola ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tọ́jú irú àìsàn náà rí. Àwọn aláṣẹ láti orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ń fi ipá rọ̀ ọ́ pé kí ó tú u sílẹ̀, pé ìpàdé ńlá kan ń dúró dè é ní Calabar. Obìnrin náà kọ̀. Ó ní kò ní jáde.

Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, àrùn kan náà pa Dókítà Adadevoh. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ní ilé ìwòsàn náà kó o pẹ̀lú, àwọn kan nínú wọn sì bá a lọ. Ìran Herbert Macaulay ni obìnrin yìí ti wá, a sì mọ ohun tí Macaulay ṣe fún ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ìdílé ni ó gbà wá lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni, tí ó ṣe dé ojú àmì.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ènìyàn bí 900 tí ó ti súnmọ́ aláìsàn kàn ní Èkó àti ní Port Harcourt. Wọ́n ń lọ bá wọn nílé, wọ́n ń wo bí ara wọn bá gbóná, títí ọjọ́ 21 fi pé. Ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe lé ní 18,000. Ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró, àwọn tí ó pa lé ní 11,000. Mo bi yín, ta ni nínú yín tí ó lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó ń kan ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn?

Ẹ padà bá mi wálé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. A ń yin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nítorí rẹ̀, ìyìn náà sì tọ́. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, tí ó kó wá sí ìlú yìí ní ọdún 1967, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1987. Ṣùgbọ́n níbo ni owó ti wá? Láti inú owó-orí ni, àti láti inú kòkó. Àjọ tí ń ta kòkó kì í san gbogbo owó tí ọjà àgbáyé mú wá fún àgbẹ̀. Nínú èyí tí ó ṣẹ́kù ni ìjọba ti mú ná fún iṣẹ́ ìlú. Àgbẹ̀ tí ó ro oko, tí ó la kòkó, tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí ó sá a sí oòrùn, tí ó sì ń tẹ ìka nítorí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, òun ni ó rán ọmọ ẹlòmíràn lọ sí ilé ìwé. Ère rẹ̀ dà?

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó wúwo lẹ́nu mi. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, tí ó sì wọ ọdún 2000, kò tíì kúrò lára wa. N kò wá dá ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà níbí tí aládùúgbò tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó má baà kú, ó mọ ẹni tí mo ń pè ní àkọni. Kí ó má ṣe jẹ́ kí òru tó ṣú kí ó tó lọ kí i.

Ẹ̀yin ará mi, àmì mẹ́ta ni mo rí lára gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ẹnu iṣẹ́ wọn ni a ti bá wọn. Wọ́n lè yẹra, wọn kò yẹra. Èrè ohun tí wọ́n ṣe sì kan ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹni tí ó bá ní àmì wọ̀nyí, ìbáà jẹ́ agbẹ̀bí tí ń dìde lóru, ìbáà jẹ́ olùkọ́ tí kò fi ọmọ sílẹ̀ nígbà tí owó oṣù kò wọlé, àkọni ni.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Nítorí pé ohun tí ìlú bá ń yìn ni ọmọdé yóò máa lépa. Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni a ń lù ìlù fún, tí a kì í béèrè ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí àwọn ọmọ wa bá ń wá owó láìbéèrè ọ̀nà. Ọjọ́ tí àrùn bá tún kan ilẹ̀kùn, a ó wá ẹni tí yóò dúró, a kò ní rí i, nítorí a kò fi irú rẹ̀ han àwọn ọmọ rí.

Àwọn baba wa ní, yínni yínni, kí ẹni ṣe òmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé lónìí, kí olúkúlùkù ronú kan ẹnì kan tí kò lóyè, tí kò lówó, ṣùgbọ́n tí àdúgbò rẹ̀ kò lè ṣe aláìní i. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Kí a má ṣe dúró di ọjọ́ ìsìnkú kí a tó pa màlúù fún un.

Ilé-Ifẹ̀ kò ní bàjẹ́ o.