"Ta Lèyí?": Ọ̀rọ̀ Lórí Àṣìṣe Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Àwòrán Yíyà

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ó ní rárá, ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà ni kí n sọ, pé àwọn ọmọ tó ń fẹ́ kọ́ ọ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ sú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi ni wọ́n ń pè ní ayàwòrán kíláàsì wa. Mo máa ń ya Okocha sẹ́yìn ìwé ìṣirò, wọ́n sì ti nà mí nítorí ẹ̀ rí. Èmi náà gbà pé mo mọ̀ ọ́n yà.

Ọdún kẹta tí mo jáde ní Poli ni bàbá mi kú. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo tó wà nílé ti ṣá, ojú wọn ò hàn dáadáa mọ́. Ni ẹbí bá kọjú sí mi: "Ṣebí ìwọ lo máa ń yàwòrán. Yà wọ́n fún wa, ká fi sínú ìwé ètò ìsìnkú." Mo jókòó ti ìwé láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo gbé e jáde, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin gbé awò sójú, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ta lèyí?"

Àwòrán náà ò burú o. Ó ní ojú, ó ní imú, ó ní irùngbọ̀n funfun, ó dé fìlà. Bàbá àgbàlagbà kan ṣáá ni. Kì í ṣe bàbá mi. Fọ́tò tó ti ṣá yẹn náà la padà lò.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù: ohun tá a mọ̀ là ń yà, a kì í ya ohun tá a rí. Láti kékeré la ti ní àmì kan lọ́kàn fún ojú. Ó rí bí ẹja, a fi nǹkan róbótó dúdú sí i láàárín. Ẹnikẹ́ni tá a bá fẹ́ yà, àmì yẹn náà la máa fà jáde, ì báà jẹ́ ojú Táíwò, ì báà jẹ́ ti ìyá ọlọ́bẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ojú wà lórí, fún àpẹẹrẹ. Tí mo bá ní kí gbogbo yín ya orí ènìyàn nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ló máa gbé ojú sókè lọ síbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọwọ́ wọn ti ara yín wò: láti àtàrí dé ojú, láti ojú dé àgbọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àbí? Agbedeméjì orí ni ojú wà. Ojú, imú àti ẹnu ló ń bá wa sọ̀rọ̀, àtàrí kì í sọ nǹkan kan, la ṣe máa ń gé e kúrò. Etí náà ní ààyè tirẹ̀: òkè rẹ̀ ṣe déédéé irun òkè ojú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣe déédéé ìdí imú.

Tí àgbàlagbà bá dúró, gíga rẹ̀ máa ń tó orí méje tàbí méje àbọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máa ń yà á ní orí mẹ́rin. Ẹnì kan á ní, ṣebí àwọn agbẹ́gilére wa náà ń gbẹ́ orí ńlá? Òótọ́ ni, orí ère Yorùbá lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, orí ni wọ́n ń bu ọlá fún. Tiwa, a kàn ṣèèṣì ni. Àwọn tó rọ orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ẹ lọ wò ó bóyá ojú wà níwájú orí níbẹ̀!

Ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére náà ni mo ti rí ìwòsàn àṣìṣe mìíràn, ìyẹn ni bíbẹ̀rẹ̀ láti irun ìpéǹpéjú. Ọmọ á ya ojú kan, á fi wákàtí kan dán an bíi dígí, á wá rí i pé kò sí ààyè fún ojú kejì. Àwọn agbẹ́gilére Èkìtì, bíi George Bándélé tó kọ́ Lámidí Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọnà lílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ máa wà yọ lára igi. Àlétúnlé ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni ojú àti etí ti ń jáde. Wọ́n á wá dán an. Fínfín ló kẹ́yìn pátápátá, nígbà náà ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ fín irun àti ilà.

Ti tábìlì ńkọ́? A mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, la bá yà wọ́n bẹ́ẹ̀, tábìlì wá dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage láti 1906, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọnà ní London àti Paris láàárín 1920 sí 1922. Nígbà tó dé, bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé l'Ékòó, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Mista Perspective.

Àwọn tó kù, wéréwéré. Ẹ má tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kọ ríṣíìtì lórí kábọ̀n. Ẹ má sáré mú kílínà. Ẹ jẹ́ kí ilà tó ṣì wà níbẹ̀, òun lẹ máa fi mọ ibi tí èyí tó tọ́ máa gbà. Ẹ má sì fi ọwọ́ pamọ́ torí pé ó ṣòro. Èmi ti ya odindi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rí tí gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá ọ̀gá kan tó ń yàwòrán ẹ̀fẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n gbé fọ́tò kan fún mi, wọ́n dorí ẹ̀ kodò, wọ́n ní kí n yà á bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Betty Edwards, olùkọ́ kan l'Ámẹ́ríkà, ti kọ nípa ọ̀nà yìí nínú ìwé rẹ̀ ní 1979. Tí fọ́tò bá dorí kodò, èèyàn ò dá ojú mọ̀ mọ́, ilà àti òjìji ló kù tó máa rí. Nígbà tí mo yí tèmi padà, ẹ̀rù bà mí. Ó jọ ẹni náà.

Ìyá mi ṣì wà. Tí mo bá délé lópin oṣù, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó fún mi fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n á máa ráhùn pé kí ni mò ń wò lójú arúgbó. Mo ti pé ọdún 32 kí n tó rí i pé ìpéǹpéjú òsì wọn wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Mo bi wọ́n bóyá ara wọn ò yá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bó ṣe wà látọjọ́ nìyẹn. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ rí i, kí wọ́n tó fẹ́ mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á nílé, olóòtú ti bá mi fi ojú ewé tó tẹ̀lé èyí sílẹ̀ lófìfo. Ẹ wá pẹ́ńsùlù, kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan jókòó fún yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú o.