Ẹyin Inú Ìtọ̀

 

Ipogun kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́ ló wà, àwọn olùwádìí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, sì ti ń lọ síbẹ̀ tipẹ́ nítorí àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kí ọmọ tó wẹ̀ lódò máa tọ ẹ̀jẹ̀. Inú ìgbín odò ni ọmọ aràn tó ń fa àìsàn náà ti ń jáde wá, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ẹyin aràn náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó nídìí, kò sì gùn tó mìlímítà 0.2.

Láti ìgbà tí Theodor Bilharz ti rí aràn yìí lára òkú ní Cairo ní 1851, iṣẹ́ ojú ni wíwá a jẹ́. Wọn a sẹ́ mílílítà 10 ìtọ̀, wọn a tẹ ojú mọ́ maikirosíkóòpù, wọn a máa ka ẹyin. Ojú tó bá ti rẹ̀ á fo òmíràn. Sikáànù ń fi àpòòtọ̀ tó nípọn àti kíndìnrín tó wú hàn, àmọ́ àìsàn ti ṣọṣẹ́ kí ìyẹn tó hàn.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Schistoscope fi yẹ ní gbígbé lárugẹ. Yunifásítì Delft ní Netherlands, ti Ìbàdàn àti ti Èkó wà lára àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ẹ̀rọ yìí á ya àwòrán ohun tí wọ́n sẹ́, kọ̀ǹpútà á sì ṣa ẹyin inú rẹ̀. Wọ́n ti dán an wò ní agbègbè Abuja.

Ìrírí Cameroon nípa fífi ẹ̀rọ wá aràn mìíràn tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn ivermectin ń dènà àìsàn ìfọ́jú tí eṣinṣin etí odò ń gbé kiri, ṣùgbọ́n ó lè ba ọpọlọ ẹni tí aràn ojú pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kódà ó lè pa á. Ní agbègbè Okola níbẹ̀, ní 2015, wọ́n lo LoaScope, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ fóònù, tó ń wo bí aràn ṣe ń jà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yẹ èèyàn tó lé ní 16,000 wò. 340 péré ni wọn kò fún lóògùn nítorí aràn náà. Kò sí ẹnikẹ́ni tí oògùn náà ṣe ní jàǹbá ńlá.

Láìpẹ́, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ á gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń fi FUTA sílẹ̀ dé abúlé bí Ipogun. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹyin aràn àtọ̀sí ajá máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, àsìkò yẹn ni kí ẹ gba ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bí ẹ bá rí ẹyin, ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ títí yóò fi lo oògùn praziquantel.