Ìlàjà Nínú Kóòtù

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà nínú ètò kóòtù l'Ékòó tí ẹni méjì lè gbà parí aáwọ̀, kí wọ́n sì tún máa kí ara wọn. Ìlàjà ni ọ̀nà náà.

Ọdún 2002 ni wọ́n dá Lagos Multi-Door Courthouse, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìlàjà, sílẹ̀ lábẹ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ká ní onílé àti ayálégbé ń jà lórí owó ilé. Wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀ fúnra wọn. Adájọ́ pẹ̀lú lè darí ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ síbẹ̀. Onílàjà tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni yóò bá wọn jókòó. Kì í dájọ́. Á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, nígbà mìíràn á pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni gbogbo rẹ̀.

Bí ohùn wọn bá ṣọ̀kan, wọn yóò kọ àdéhùn sílẹ̀, wọn yóò fọwọ́ sí i. Tí adájọ́ bá ti bu ọwọ́ lù ú, ó lágbára bí ìdájọ́ kóòtù. Bí ìlàjà kò bá sì wọ̀, ọ̀nà kóòtù ṣì wà ní ṣíṣí.

Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ńkọ́? Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pe ara yín lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ìlàjà.