Ipasẹ̀ Oògùn Ibà Nínú Ẹ̀jẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú)



Bí ibà bá mú ọmọ, tí a lo oògùn tí kò ràn án, a máa ń wí pé ayédèrú ni oògùn náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ojúlówó pàápàá lè kùnà. Gbígbé oògùn mì nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ dé ibùgbé kòkòrò ibà, kí ó sì dúró níbẹ̀.

Inú hóró pupa ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé. Ó ń jẹ èròjà pupa inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ náà jẹ́ májèlé fún un. Nítorí náà ni ó ṣe ń sọ ọ́ di òkúta wínniwínni tí kò lè pa á lára. Chloroquine, tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1934, a máa kóra jọ sínú àpò oúnjẹ kòkòrò náà, a sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí, títí májèlé náà yóò fi pa á.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Àwọn onímọ̀ fi àmì onítànṣán sára oògùn, èyí tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ lè kà, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ní 1970, Coy Fitch ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni oògùn tí ń dúró nínú kòkòrò olóríkunkun. Ní 1987, àwọn mìíràn rí i pé ó ń tú oògùn síta ní ìlọ́po 40 sí 50 ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ẹni ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ń jò.

Nígbà tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìjọba Nàìjíríà pààrọ̀ oògùn ní 2005, ó mú àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀. Artemisinin ń pa kòkòrò kíákíá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni í dúró pa àwọn tí ó ṣẹ́kù.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta pé, bí ara tilẹ̀ ti yá ní ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe fi ìyókù pamọ́ de ọmọ mìíràn. Ẹ̀yin tí ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé, ẹ fi ìkìlọ̀ yìí kún un. Oògùn àbọ̀ ni í kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n.

Ìlú wa yóò máa gòkè o. Àṣẹ.