Bí Ohùn Ìpàdé Bá Ń Já Nínú Ilé Yín

 Nípàdé tó kọjá, ohùn ń já lórí sípíkà àwọn bàbá wa. A fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ omi, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa sípíkà, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù. Bí kò bá já mọ́, àárín fóònù àti sípíkà ni wàhálà wà: ẹ gbé wọn súnmọ́ra. Bluetooth àti Wi-Fi 2.4 GHz, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, wọ́n a máa dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ fi fóònù sórí 5 GHz, àmọ́ ẹ má jìnnà sí ráútà, torí ògiri tètè ń dá a dúró.

Bó bá ṣì ń já, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sókè láàárín ilé. Ẹ ní káwọn ọmọ dá fíìmù dúró fún wákàtí kan.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí ò gbọ́ ńkọ́?